Aró Kì í Dá Wà: Ìpàtẹ Àwọ̀ Kan àti Ìtàn Tí Ó Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ ọnà Whitworth, tí ó jẹ́ ti Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ìpàtẹ kan sílẹ̀ tí ó ṣe àjèjì díẹ̀ lójú ẹni tí ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà ní irú ibẹ̀. Wọn kò to àwọn iṣẹ́ náà ní ìlú sí ìlú, wọn kò sì tò wọ́n láti ayé ọba kan dé ayé ọba mìíràn. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó so gbogbo wọn pọ̀, aró sì ni àwọ̀ náà. Aṣọ tí a pa láró láti Yúróòpù, láti Éṣíà àti láti Áfíríkà ni wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ ọnà ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ṣe irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀. Ṣáájú àwọn méjèèjì, ní ọdún 1997, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington ti ṣe ìpàtẹ tí ó jẹ́ ti àdìrẹ Yorùbá nìkan.

Kì í ṣe ohun kékeré ni kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá ilẹ̀ Yorùbá dé irú ibẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí á bi irú ìpàtẹ báyìí. Bí a bá mú àwọ̀ kan kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí a gbé e kọ́ ògiri ní òun nìkan, kí ni ó kù nínú ìtàn rẹ̀, kí sì ni ó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà?

Láàárín àwọn òyìnbó, ọ̀nà tí ìpàtẹ aláwọ̀-kan gbà di ohun tí a ń pariwo ni ti ayàwòrán ará Faransé kan tí ń jẹ́ Yves Klein. Ní oṣù Kìíní ọdún 1957, ó gbé pátákó mọ́kànlá kọ́ ògiri ní ìlú Milan ní Ítálì. Gbogbo wọn ṣe déédéé ara wọn, àwọ̀ kan náà ni ó sì kùn wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọ̀ tí ó jọ aró tí ó jinlẹ̀. Kò sí ère, kò sí igi, kò sí ènìyàn lára wọn. Ẹnu ya àwọn tí ó wò ó, àwọn kan sì bínú. Nígbà tí ó di ọdún 1960, Klein lọ fi bí ó ṣe ń po àwọ̀ náà sí àkọsílẹ̀ ìjọba, kí ó lè hàn pé tirẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ti rìn la ìsọ̀ àwọn aládìrẹ kọjá ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ní ìgbà tí aró ṣì ń jọba níbẹ̀, lè rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Aró ni ti ọ̀tún, aró ni ti òsì, aró ni ó wà lára okùn lókè orí, ọwọ́ ẹni tí ó ń tà á pàápàá ti di aró. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó ronú láti lọ sọ fún ìjọba pé òun ni ó ni àwọ̀ náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹyẹ ni a máa ń sọ pé ó ni àwọ̀. Agbe ni ó ni aró, àlùkò ni ó ni osùn, lékeléke ni ó sì ni ẹfun. Ọmọdé tí ó bá ti gbọ́ ìwúre lẹ́nu àgbà ti mọ èyí kí ó tó mọ ìwé. Ohun tí ó yẹ kí á ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni pé a kì í dá ọ̀kan dárúkọ kí á sì dákẹ́. Bí a bá ti pe agbe, àlùkò àti lékeléke ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọ̀ mẹ́ta ni Yorùbá fi ń pín ohun gbogbo tí ojú rí: funfun, pupa àti dúdú. Nínú ìpín yìí, dúdú ni aró bọ́ sí. Aṣọ tí òyìnbó yóò pè ní búlúù, tí ó ti wọ ìkòkò aró léraléra títí ó fi jinlẹ̀, dúdú ni ìyá aláró yóò pè é, inú rẹ̀ yóò sì dùn bí ó ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé èyí ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ òun jíire.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ojú Yorùbá kò rí ìyàtọ̀ láàárín dúdú kan sí èkejì. Àyìnrín ni aró tí ó fúyẹ́, tí ó dà bí ojú ọ̀run. Ẹ̀tù ni aṣọ òkè tí òwú aró tí ó jinlẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú funfun tín-ín-rín, bí ìyẹ́ ẹyẹ tí ó jẹ́ orúkọ, àwọn ọlọ́lá ni ó sì ń fi í dá agbádá, ní ìbákẹ́gbẹ́ pẹ̀lú sányán àti àlàárì. Wájì ni aró tí àwọn agbẹ́gilére ń fi kun ère. Nígbà tí búlúù ìfọṣọ òyìnbó dé ọjà, òun náà wọ inú iṣẹ́ yìí, orí ọ̀pọ̀ ère ìbejì tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé káàkiri ayé sì jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ títí di òní. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti ẹni tí ó ń lò ó. Gbogbo èyí ni yóò di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí a bá kọ «aró» gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí ògiri kò lè gbé rárá ni ìkòkò.

Èlú ni ewé tí aró ti ń wá. Igi tí ń fà bí ìtàkùn ni ní etí igbó, ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú ni àwọn obìnrin ń já. Wọn yóò gún un nínú odó títí yóò fi kúnná, wọn yóò mọ ọ́n ní òṣùṣù bí ẹni mọ ẹ̀bà, wọn yóò sì sá a sí oòrùn. Òṣùṣù gbígbẹ yìí ni ó ń wọ ọjà, ẹni tí kò já ewé lè rà á. Ṣùgbọ́n èlú nìkan kò lè pa aṣọ. Ó ń fẹ́ omi eérú, eérú náà kì í sì í ṣe eérú ààrò lásán. Àwọn aláró a máa yan igi tí wọn yóò sun. Wọn a po eérú rẹ̀, wọn a mọ ọ́n, wọn a tún fi iná sun ún, kí wọn tó kó o sínú ìkòkò tí a lu ihò sí ní ìdí. Ìkòkò yìí jókòó lórí òmíràn. Omi tí a bá dà sí ti òkè yóò máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀, yóò sì ti mú agbára eérú dání. Inú omi yìí ni a ń rẹ òṣùṣù èlú sí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò fi kan, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo agbo ilé. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ òórùn náà rí kò ní bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì pé ilé ta ni òun dé.

Ìgbà tí a bá ti aṣọ bọ inú rẹ̀ ni ohun ìyanu ń ṣẹlẹ̀. Aṣọ náà kì í jáde ní aró. Bí ewé tútù ni ó ń jáde, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni tí ó bá dúró wò ó. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣàlàyé rẹ̀: omi eérú àti kíkan ìkòkò ni ó ń mú kí aró yọ́ sínú omi kí ó lè wọ inú òwú, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń dá a padà sí ohun tí kì í yọ́ mọ́, tí ó fi ń dúró pẹ́ lára aṣọ. Àwọn ìyá tí kò ka ìwé kan mọ èyí ní ọ̀nà tiwọn. Wọ́n mọ̀ pé bí a bá fẹ́ kí aṣọ dúdú, kíkì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí á fi í sílẹ̀ kò ràn án. A óò bọ̀ ọ́, a óò yọ ọ́ sí afẹ́fẹ́, a óò tún bọ̀ ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n tún mọ̀ pé ìkòkò aró lè kọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ìdí rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bọ Ìyá Mapó, òrìṣà tí ó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, láti orí amọ̀ mímọ dé orí aró.

Iṣẹ́ obìnrin ni aró ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Kánò, ọkùnrin ni ó ń pa aró, inú kòtò tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, inú ìkòkò amọ̀ tí obìnrin mọ ni obìnrin ti ń ṣe é. Nígbà tí Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá, gba Ìjànà kọjá ní oṣù Kejìlá ọdún 1825 nígbà tí ó ń lọ sí Ọ̀yọ́, ó rí ilé aláró mẹ́ta níbẹ̀, ìkòkò tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lé ní ogún. Ẹni tí ó bá fi ojú inú wo ọgọ́ta ìkòkò àti èlú tí yóò kún wọn, igi tí a óò sun fún eérú wọn àti ọwọ́ tí yóò máa ṣe é, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni Clapperton rí, kì í ṣe eré ẹ̀yìnkùlé. Ó sì rí i kí ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ṣoṣo tó dé ẹkùn náà.

Bí ará Ìkàrẹ́ tàbí ará Ọ̀kà bá wọ inú gbọ̀ngàn ìpàtẹ aró, ó ṣeé ṣe kí ó máa wá ohun tí òun mọ̀ kiri, kí ó má sì rí i. Àdìrẹ Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ni ó gba orúkọ ní òkè òkun, nítorí pé ọnà ara rẹ̀ fani lójú mọ́ra. Ilẹ̀ Àkókó, ibi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn láàárín àwọn òkè olókùúta, ń lo aró ní ọ̀nà mìíràn. Òwú ni wọ́n ń pa láró níbẹ̀ kí a tó hun ún. Àwọn obìnrin Àkókó, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Òwò, ní Ìjùmú àti láàárín àwọn Ẹ̀bìrà ní Òkéne, a máa hun aṣọ lórí òfì tí a gbé dúró ti ògiri, aṣọ tí ó fẹ̀, tí ó sì nípọn, tí a ń pè ní kíjìpá. Nínú kíjìpá, ìlà aró àti ìlà funfun ni ó ń bára wọn rìn. Aṣọ oko ni, aṣọ àdìsùn ni, aṣọ ìpọnmọ ni; ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ti ayẹyẹ. Irú aṣọ tí a lò gbó báyìí kì í sábà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn odi ni ẹkùn yìí wà nínú ìtàn aṣọ. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣòwò ará Hóláǹdì ń ra aṣọ òwú aláró ní Ẹdó, wọ́n sì ń gbé e lọ tà ní etíkun tí a ń pè ní Ghánà lónìí. Ọ̀nà ọjà Ẹdó wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, ó kan Òwò, ó kan Èkìtì, ó sì kan Àkókó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíntóyè ti kọ̀wé lórí àjọṣe yìí láti ọdún 1969. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ọmọ ogun Nupe láti Bídà ti ń ja ilẹ̀ Àkókó lólè ènìyàn, wọn kò sì ṣíwọ́ títí di ọdún 1897 tí ọmọ ogun ilé iṣẹ́ Royal Niger fi ṣẹ́gun Bídà. Orí òkè ni àwọn ènìyàn sá sí. Iṣẹ́ aró kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó ń sá kiri: ìkòkò kò ṣeé rù sá, ọ̀sẹ̀ kan tí èlú fi ń kan jẹ́ àkókò gígùn fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò sùn sílé lọ́la. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí iṣẹ́ ọwọ́ ìlú kan fi gbòòrò tí ti èkejì fi kéré, kí ó kọ́kọ́ wo ìtàn ogun kí ó tó sọ̀rọ̀ nípa ọgbọ́n orí.

Ní àríwá Àkókó ni ẹkùn Kábà àti ilẹ̀ Búnú wà. Búnú ni ó fi hàn jùlọ pé àwọ̀ kan kì í dá sọ̀rọ̀. Onímọ̀ nípa àṣà kan tí ń jẹ́ Elisha Renne gbé láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1995. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé aṣọ funfun wà fún ọ̀rọ̀ ẹbọra, dúdú tí aró mú wá wà fún ìgbéyàwó, pupa sì wà fún ìsìnkú àwọn ènìyàn ńláńlá. Bí a bá yọ dúdú kúrò nínú mẹ́ta yìí tí a fi í hàn ní òun nìkan, a ti yọ ìyàwó kúrò láàárín òrìṣà àti òkú. Ta ni yóò wá mọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Manchester, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá di ọ̀rọ̀ ìtàn gan-an.

Àdìrẹ kì í ṣe iṣẹ́ àwọ̀ kan. Bí a bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ dídá funfun sí ni. Ẹni tí ó ń di aṣọ ní okùn, ẹni tí ó ń fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀, ẹni tí ó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, gbogbo wọn ń wá ọ̀nà tí aró kò fi ní dé ibi kan ni. Ohun tí aró kò bá dé ni ó ń di ọnà. Àwọn ọ̀wọ̀n gbọ̀ngàn Màpó tí ó wà lára aṣọ Ìbàdándùn, èyí tí a kò lè yà kí a tó ṣí gbọ̀ngàn náà ní ọdún 1929, funfun ni wọ́n. Ohun tí ó wà lára aṣọ Ọlọ́kun àti aṣọ tí a fi ṣe ìrántí ọdún 25 Ọba George Karùn-ún lórí oyè ní ọdún 1935, funfun ni wọ́n. Níbo wá ni aṣọ funfun náà ti wá? Aṣọ òyìnbó tí a fi ẹ̀rọ hun ni. Òfì wa kò lè hun aṣọ tí ó tẹ́jú tí ó sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kọ yóò fi jókòó lé e dáadáa. Manchester ni olú ìlú ilé iṣẹ́ aṣọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àdìrẹ tí a ń pè ní ogún ìbílẹ̀ ni ó jẹ́ pé láti ẹkùn Manchester ni aṣọ rẹ̀ ti gun ọkọ̀ ojú omi wá ní funfun, tí ó wọ ìkòkò ní Abẹ́òkúta, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tún gun ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní aró.

Ìdí tí àwọn kan fi gbé e padà kì í sì í ṣe ìfẹ́ ọnà nìkan. Oníṣòwò kan wà ní Manchester tí ń jẹ́ Charles Beving. Ó kó aṣọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ lè fi ẹ̀rọ tẹ èyí tí ó jọ wọ́n, kí wọ́n sì tún kó o wá tà fún àwọn tí ó ni ọnà náà. Àkójọ rẹ̀ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1934, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ilé iṣẹ́ ọnà Whitworth fúnra rẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1889, kò sá fún iṣẹ́ yìí. Lára ohun tí a fi dá a sílẹ̀ ni kí àwọn oníṣẹ́ aṣọ ìlú náà lè rí àpẹẹrẹ aṣọ ilẹ̀ mìíràn kọ́gbọ́n. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta ń ké lọ́jọ́ òní pé aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti gba ọjà mọ́ àwọn lọ́wọ́, ìyọnu àtijọ́ ni ó pààrọ̀ ìlú.

Aró pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú ìyọnu yìí. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn àgbẹ̀ Bengal kọ̀ ní ọdún 1859 láti máa gbin ewé aró fún àwọn òyìnbó tí ó fi gbèsè dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ní South Carolina, ẹrú ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ní Jámánì, Adolf Baeyer wá ọ̀nà tí ènìyàn lè fi ṣe aró láìsí ewé, nígbà tí ó sì di ọdún 1897, ilé iṣẹ́ BASF bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Aró òyìnbó yìí dé ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú sódà líle tí ó gba ipò omi eérú. Ohun tí ń gba ọ̀sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ mọ́.

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà di wàhálà. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni òwò àdìrẹ fẹjú jù lọ níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Sẹ̀nẹ̀gà, láti Sàró àti láti Góòlù Kóòsì ń wá rà á, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá sì ń gba aṣọ funfun ní àwìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó láti fi ṣe é. Nígbà tí owó ayé bàjẹ́, tí ọjà kò yá mọ́, ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà ní aró kò dúró lára aṣọ mọ́, aṣọ sì ń ya. Sódà ni a di ẹ̀bi rù. Aláké, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fi òfin de sódà àti aró òyìnbó, ó ní kí gbogbo aláró padà sí èlú àti eérú. Lójú ẹni tí ó bá ń wò ó láti inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Ọba ni ó ń gbèjà àṣà. Lójú àwọn aláró, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èlú ti wọ́n, igi eérú ti jìnnà, gbèsè aṣọ sì wà lọ́rùn ẹni. Sódà ni ó jẹ́ kí obìnrin tí kò lówó lọ́wọ́ lè máa ṣe iṣẹ́ náà lọ. Wọ́n ta ko òfin náà. Ní ọdún 1936, a gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, àwọn obìnrin sì wá síwájú rẹ̀ láti sọ ohun tí ojú wọn rí. Nígbẹ̀yìn, òfin náà kò dúró.

Èrò ti pín lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà. Àwọn kan gbà pé sódà ni ó ba àdìrẹ jẹ́. Ó dájú pé ó ń jó ọwọ́, ó sì dájú pé aṣọ tí a bá fi ṣe ìṣekúṣe nínú rẹ̀ kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà pé ẹ̀bi ọlọ́wọ́ dúdú ni pé ọjà ayé wó lulẹ̀. Ẹni tí ó fi òfin de sódà kò dín gbèsè aṣọ funfun kù. Àwọn tí ó ń ta sódà náà ni ó ń ta aṣọ ní àwìn, òfin kò sì kàn wọ́n bí ó ti kan aláró. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kò gbàgbé pé àwọn lè bá ọba jiyàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó wọn jáde, ọ̀rọ̀ náà le títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ó padà dé ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìtàn aró wà nínú ìtàn yìí, bí kò tilẹ̀ sí ògiri ìpàtẹ tí ó ń sọ ọ́.

Ní ọdún 1971, Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe ìwé kan lórí àdìrẹ jáde ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì kọ orúkọ ọ̀pọ̀ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó kú. Ó bọ́ sí àkókò gan-an, nítorí pé kàǹpálà aláwọ̀ mèremère ti ń gba ipò aró lọ́jà. Ní Ògìdì ní ilẹ̀ Ìjùmú, tí kò jìnnà sí ààlà Àkókó, ni a ti bí Níkẹ̀ Òkúndayé ní ọdún 1951. Nínú ìdílé ahunṣọ àti aláró ni ó ti kọ́ iṣẹ́, ó sì ti dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo àti ní Ògìdì ìlú rẹ̀, níbi tí èlú àti ìkòkò ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun. Ti àwọn tí wọ́n kọ́ àwọn tí ó kọ́ ọ kò dé ibẹ̀, tàbí bí ó bá dé ibẹ̀, «Yorùbá, ọ̀rúndún ogún» ni a kọ sí abẹ́ rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó súnmọ́ Ìkàrẹ́ jù ni èyí tí ó wà ní Òwò, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1968. Òkìkí rẹ̀ tàn nítorí àwọn ère amọ̀ tí Ekpo Eyo hú jáde ní Ìgbó Ọlájà ní ọdún 1971. Amọ̀ a máa pẹ́ nínú ilẹ̀. Aṣọ kì í pẹ́. Kíjìpá tí a hun ní Ọ̀kà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, bí kò bá sí nínú àpótí ìyá àgbà kan, ó ti jẹrà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe ìpàtẹ aró ní ẹkùn yìí lọ́jọ́ kan, kí ó má dúró de ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù kí ó yá a ní aṣọ. Inú àpótí wọ̀nyí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì béèrè orúkọ kí ó tó gba aṣọ. Kí ó gbé ìkòkò oníhò àti ti abẹ́ rẹ̀ síwájú kí ojú tó kan aṣọ, kí ó fi òṣùṣù èlú àti eérú síbẹ̀ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Kí ó fi aṣọ pupa àti funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí èyí bá tilẹ̀ ba ìpàtẹ aláwọ̀-kan jẹ́.

Iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ sábà máa ń la ọwọ́ obìnrin méjì kọjá: ẹni tí ó ya ẹ̀kọ ni ó ni aṣọ, ẹlòmíràn ni ó ni ìkòkò. Lára etí àwọn aṣọ kan, àmì kékeré kan wà tí kì í ṣe ara ọnà: ilà díẹ̀, tàbí àmì tó-tò-tó, tí ẹni tí ó ya á fi sí i kí aṣọ rẹ̀ má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn nínú ilé aláró. Ẹni tí ó bá dé iwájú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, ní Manchester tàbí níbòmíràn, kí ó wá etí rẹ̀ wò kí ó tó wo àárín.